Ilé bàbá wa tí a fẹ́ tà ní Ìbàdàn: níbo ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Àbíkẹ́ Ọmọ Olùkọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ilé kan ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó.

Bàbá wa kọ́ ilé kan sí agbègbè Ring Road ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1984. Ilé ilẹ̀ ni, oníyàrá mẹ́rin àti pálọ̀ méjì, pẹ̀lú ilé ìdáná tí ó dá dúró lẹ́yìnkùlé. Bàbá di olóògbé ní ọdún 2016, Màmá sì tẹ̀lé wọn ní ọdún 2022. Àwa ọmọ márùn-ún ni ó kù. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí í ṣe dáwódù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wọn wà ní Houston, èmi àti àwọn àbúrò méjì ni a wà nílé. Lóṣù tó kọjá ni gbogbo wa fẹnu kò pé kí á ta ilé náà, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ nínú wa, ẹ̀yin náà sì mọ bí ilé tí ènìyàn kò gbé ti máa ń yára bàjẹ́.

Mo lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Bí mo ti ṣílẹ̀kùn pálọ̀, òórùn káńfọ̀ àti ọ̀rinrin ni ó kọ́kọ́ pàdé mi. Ògiri tí ó fara ti balùwẹ̀ ti ń hu iyọ̀ láti ilẹ̀ dé orúnkún mi, nígbà tí mo sì fọwọ́ kàn án, ọ̀dà ara rẹ̀ ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Síìlì yàrá Màmá ní àbàwọ́n níbi mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti tíì tí ó dà sílẹ̀. Ewé máńgòrò ti dí gọ́tà pátápátá. Lára ògiri ìta, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ní kí wọ́n kọ lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú ọ̀dà pupa: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Lẹ́yìnkùlé, sàárè ìyá Bàbá wa, tí a sin ní ọdún 1991, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Táìlì funfun ni a lẹ̀ mọ́ ọn.

Ajẹ́ńtì kan bá wa wo ilé náà. Ó ní kí a kun gbogbo rẹ̀, kí a pààrọ̀ géètì, kí a sì fi síìlì POP sí pálọ̀ méjèèjì, pé owó ilé yóò fò sókè. Àbúrò wa kan ní kí a má fi kọ́bọ̀ kankan sí i, kí a tà á bí ó ti wà. Owó tí a lè dá jọ kò ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí owó yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí a sì máa sọ ti sàárè fún ẹni tí ó bá wá wo ilé, àbí kí a dákẹ́ títí tí yóò fi béèrè?

Bàbá Akọ́lé

Àbíkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ìdílé o. Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún àwọn tó lọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ilé àtijọ́ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń tún ṣe báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ má tíì ra ọ̀dà. Omi ni ó ń bá ilé yín jà. Iyọ̀ tí ẹ rí lára ògiri yẹn, inú ilẹ̀ àti inú búlọ́ọ̀kù ni ó wà tẹ́lẹ̀. Omi ni ó ń yọ́ ọ, tí ó ń fà á gòkè, nígbà tí omi bá sì gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á ṣẹ́ kù síta, á máa ti ọ̀dà kúrò. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ògiri balùwẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe é, tí àwọn ògiri yòókù sì gbẹ, ó ṣeé ṣe kí páìpù kan ti máa jò nínú ògiri náà, tàbí kí omi ìwẹ̀ máa gba abẹ́ táìlì sá lọ. Ẹ pe púlọ́ńbà kí ó wá a rí kí ẹnikẹ́ni tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí bíríkìlà gbẹ́ ìrẹ́ àtijọ́ náà kúrò, kí ó gbẹ́ ẹ kọjá ibi tí iyọ̀ dé ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó sì fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í ní sùúrù. Nígbà tí ó bá gbẹ dáadáa, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí a ti fọ̀ rẹ́ ẹ padà, pẹ̀lú èròjà tí kì í jẹ́ kí omi ráyè wọlé, kí ìyẹn náà tún gbẹ, kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Ohun tí ó jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn báyìí ni pé mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Oníbàárà kan ní Mọ́kọ́lá bẹ̀ mí ní oṣù kìíní ọdún kan pé kí n kun ilé òun kíákíá, nítorí pé òun fẹ́ tà á. Ọyẹ́ ń jà, ògiri gbẹ táútáú lójú, mo sì kùn ún bí ó ti wà. Olùrà kan san àsansílẹ̀ ní oṣù kẹta, ó ní òun yóò parí owó ní oṣù kẹfà. Kí oṣù kẹfà tó pé, òjò ti rọ̀ léraléra, gbogbo ìsàlẹ̀ ògiri ti wú, ọ̀dà ń jábọ́. Ọkùnrin náà gba owó rẹ̀ padà. Kì í ṣe nítorí ọ̀rinrin nìkan ni ó ṣe bínú, ó ní bí a bá lè fi ọ̀dà bo èyí mọ́lẹ̀, kí ni a tún bò tí òun kò rí? N kò ní èsì kankan láti fún un, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí títí di òní.

Ti òrùlé: ẹ jẹ́ kí káfíńtà gun òkè kí ó wo orí ìṣó páànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Páànù ọdún 1984 lè ṣì dára, kí ó jẹ́ pé ìṣó ni ó ti dógùn-ún tí ihò rẹ̀ sì ti fẹ̀. Pípààrọ̀ ìṣó àti dídí ihò kò wọ́n tó pípààrọ̀ òrùlé. Ẹ kó ewé máńgòrò kúrò, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tí ó bo òrùlé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ní àkókò tí Bàbá yín kọ́lé, síìlì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Bí ti yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ ha á, kò sì gbọdọ̀ gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku náà máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ ní ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fojú hàn. Bí pátákó kan kò bá tíì fọ́, ó sàn kí ẹ kùn ún kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Èyí tí ó bá ti fọ́, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n tú ìṣó rẹ̀, kí wọ́n sọ odindi pátákó náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n di imú wọn dáadáa, kí wọ́n sì fi ọ̀rá wé e.

Ẹ kò sọ bóyá ògiri sán. Bí ó bá sán, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà kékeré sí ibi tí sísán náà parí sí lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọjá ìlà yẹn láàárín oṣù mélòó kan, ilé ń rìn nìyẹn, kí ẹ pe ẹnjiníà. Èyí tí ó tín-ín-rín bí irun lójú ìrẹ́ kò ní wàhálà. Èyí tí ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Lọ́yà Odò-Ọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Akọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi Àbíkẹ́, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìwé kún un, nítorí pé olùrà tí ó bá ní láárí yóò rán agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ wo ìwé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye yàrá.

Ẹ kò sọ bóyá Bàbá ṣe ìwé ìhágún. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ìṣàkóso ohun-ìní olóògbé ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, ní ẹ̀ka tí ó ń rí sí ogún. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni Bàbá ṣe, ilé náà di ilé ẹbí, ti gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Dáwódù yín ni olórí ẹbí, ṣùgbọ́n kò lè dá a tà. Bí ó bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí tó kù fọwọ́ sí i, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì tú títà náà ká. Bí ẹlòmíràn bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ni wọ́n ṣe, ètò pípín ogún rẹ̀ yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín yẹ̀ ẹ́ wò. Kí àwọn méjèèjì tí ó wà lókè òkun fi ìwé agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́ nílé, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú nótárì tàbí ní ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò tó.

Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà fún gbogbo ará ìlú, abala 22 òfin náà sì sọ pé ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ gómìnà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Nítorí náà, ẹ ṣí àpótí Bàbá. Ẹ wá ìwé-àṣẹ gómìnà tí àwọn ènìyàn ń pè ní C of O. Bí kò bá sí, ẹ wá ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ra ilẹ̀, rìsíìtì ẹbí tí ó tà á fún wọn, àti àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀fíyọ̀ yà. Ilé tí kò ní C of O ṣeé tà, àmọ́ olùrà yóò ṣírò ìnáwó àti àkókò tí yóò fi gbà á, yóò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó yín. Ẹ wá rìsíìtì owó ilé tí ẹ ń san fún ìjọba, kí ẹ sì san gbèsè iná kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí pé ojú mítà ni gbogbo wọn ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ tún ṣán koríko igun ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí tí ẹ ó fi rí àwọn òkúta ààlà tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀, tí nọ́ńbà wà lórí wọn. Ẹ fọ̀ wọ́n kí nọ́ńbà náà ṣeé kà, kí ẹ sì fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé. Mo ti rí olùrà tí ó dúró lórí òkúta ààlà kan, tí ó tẹ̀ ba, tí ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè sí mi létí, tí ojú rẹ̀ sì tú ká lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ògiri, ẹ má tíì pa á rẹ́ títí ìwé ẹbí yóò fi pé. Òun ni ó ń lé àwọn tí ń ta ilé onílé sẹ́yìn, pàápàá fún ilé tí kò ní olùgbé. Ọjọ́ tí gbogbo yín bá ti fọwọ́ sí i ni kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì pa á rẹ́ dáadáa. Bí ọ̀dà pupa yẹn bá ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà tuntun, olùrà yóò rò pé ẹnì kan nínú ẹbí kò fara mọ́ títà ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Mo kí gbogbo yín. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá yàtọ̀ díẹ̀. Àwa náà ta ilé bàbá wa láti ibí, a sì ná owó púpọ̀ lórí síìlì àti géètì. Ẹni tí ó rà á wó gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí i. Ní Ring Road, ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà. Àbúrò yín tí ó ní kí ẹ tà á bí ó ti wà kò jìnnà sí òtítọ́. Ẹ kọ́kọ́ pe olùdíyelé tí ó ní ìwé-àṣẹ iṣẹ́ náà, kí ó sọ iye ilẹ̀ lọ́tọ̀ àti iye ilé lọ́tọ̀, kí ẹ tó mọ èyí tí ẹ ń tún ṣe.

Bàbá Akọ́lé

Ọmọ Ìjẹ̀bú, òótọ́ ni ẹ sọ nípa síìlì àti géètì, èmi náà kò sì gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ wó ilé pàápàá yóò fi ilé tí ó ń jò já owó yín lulẹ̀. Ẹni tí ó sì fẹ́ gbé inú rẹ̀ kò ní dúró gbọ́ àlàyé. Ẹ jẹ́ kí ilé gbẹ, kí ó mọ́, kí omi rẹ̀ ṣàn, kí iná rẹ̀ tàn. Ó tó.

Ìyá Ìbejì Apẹ̀tẹ̀

Àbíkẹ́ mi, èmi kò kọ́lé rí, n kò sì kàwé òfin. Mo ra ilé ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí mo ti wo mọ́kànlá tí n kò rà. Ojú olùrà ni mo fẹ́ yá yín.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè níbi gbogbo ni ti omi òjò. Ta ni ó gbé ní Ìbàdàn tí kò mọ omíyalé odò Ògùnpa? Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọmọdé ni mí, mo sì rántí bí àwọn àgbà ti ń sunkún. Ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ṣojú mi. Nítorí náà, bí mo bá ti wọ ọgbà, ìsàlẹ̀ ògiri ni mo ń wò, mo ń wá ìlà ẹrẹ̀ tí omíyalé máa ń fi sílẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ nìkan bá jẹ́ ọ̀dà tuntun tí òkè sì jẹ́ ti àtijọ́, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń bò. Bí omi kò bá wọ ilé yín rí, ẹ sọ ọ́ kí olùrà tó béèrè, kí ẹ sì bẹ àwọn aládùúgbò tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́rìí. Mo máa ń lọ bá ẹni tí ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà kí n tó bá ajẹ́ńtì sọ̀rọ̀.

Ẹrù inú ilé, ẹ kó o kúrò. Mo mọ̀ pé ó nira. Àga Bàbá, fọ́tò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ọdún 1998 tí ó ṣì wà lára ògiri, aṣọ Màmá nínú wọ́dúróòbù: ẹ jókòó pa pọ̀ kí ẹ pín in, kí ẹ fi èyí tí ẹ kò fẹ́ tọrẹ. Ní ilé kan tí mo wò, bàtà bàbá tí ó kú ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, èmi kò sì lè rí yàrá náà bí yàrá tí èmi yóò sùn sí. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé láti àárọ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ dúdú èéfín ilé ìdáná, kí ẹ fa omi kànga sókè kí ó tòrò, kí ẹ fi ìdérí tuntun bò ó. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá iye owó, nítorí pé bí ajẹ́ńtì mẹ́ta bá ń pe iye mẹ́ta, olùrà á sá.

Ní ti sàárè, ẹ má dákẹ́. Ní ilé kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀, wọ́n to búlọ́ọ̀kù lé orí sàárè lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní ibi ìfọṣọ ni. Ọmọkùnrin aládùúgbò ni ó sọ fún mi. Mo ti múra láti sanwó nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò padà síbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a ì bá jọ wá ọ̀nà àbáyọ, nítorí pé sàárè ìyá àgbà kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀: kí ẹ jọ gbà pé olùrà yóò fi sàárè náà sílẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹbí lè wá bẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ẹbí hú Màmá àgbà kí wọ́n sì tún wọn sin sí itẹ́ òkú kí olùrà tó wọlé. Ti èkejì gba ìfohùnṣọ̀kan ẹbí, ó gba àṣẹ ìjọba, ó sì gba kí ẹ bi àwọn àgbà ìsìn yín, nítorí pé ẹlòmíràn kò ní gbà kí wọ́n tú sàárè.

Àbíkẹ́ Ọmọ Olùkọ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹbí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí àwọn ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù ní alẹ́ àná. Dáwódù wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ sàárè, nítorí pé ọwọ́ Màmá àgbà ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a máa bò ó mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pé kí a bi àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá tí ó kù ní Ìsẹ́yìn kí a tó pinnu bóyá a ó gbé wọn tàbí a ó fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá kò ṣe ìwé ìhágún. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, Màmá nìkan sì ni ìyàwó wọn. Mo rí àwòrán ilẹ̀ àti rìsíìtì ẹbí tí ó ta ilẹ̀ fún wọn nínú àpótí. N kò rí C of O. Lọ́yà, mo ń bọ̀ wá bi yín léèrè bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù. A ti jáwọ́ nínú POP àti géètì. Púlọ́ńbà ń bọ̀ ní Sátidé fún ògiri balùwẹ̀, àbúrò wa tí ó ní kí a má ná kọ́bọ̀ sì ti gbà láti gé ẹ̀ka máńgòrò fúnra rẹ̀. Bàbá Akọ́lé, mo ti fa ìlà pẹ́ńsù méjì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, mo kọ ọjọ́ sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù mí: ṣé ògiri yẹn lè gbẹ tó nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, àbí kí a dúró títí di oṣù kọkànlá?

Bàbá Akọ́lé

Ẹ wá páìpù rí ní Sátidé, kí ẹ gbẹ́ ìrẹ́ kúrò nísinsìnyí, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa gbẹ nígbà tí ẹ bá ń lé ìwé kiri. Kí ìwé tó jáde ní kóòtù, oṣù kọkànlá ti lè dé. Ẹ tún un rẹ́ nígbà náà.